Àlàfo Abẹ́ Ilẹ̀kùn: Ta Ni Wọ́n Kọ́ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Gbogbogbò Fún?

Alága wa, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Àwọn kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé lóòótọ́ ni mo fẹ́ fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ yìí sọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lóòótọ́ ni. Kò sí ọba, kò sí ọlọ́rọ̀, tó lè rán ẹlòmíràn lọ bá a gbọnsẹ̀. Ohun tí gbogbo ẹ̀dá ń ṣe lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ kí wọ́n wo òun níbẹ̀, ó yẹ kó rí ẹni gbẹnu sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀kan lọ ní Amẹ́ríkà, irú èyí tó wà ní pápákọ̀ òfurufú, ní ilé ìwé àti ní ọ́fíìsì. Pákó tí wọ́n lẹ ike mọ́ lára, tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kùn lọ́dà, ni wọ́n fi pààlà láàárín ìjókòó kan àti òmíràn. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn fi nǹkan bí ínṣì 12 ga sí ilẹ̀. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ga tó nǹkan bí ínṣì 58, nítorí náà ẹni tó bá ga dáadáa lè dúró níta kó wo inú. Etí ilẹ̀kùn kò bá òpó rẹ̀ pàdé, ìka ọwọ́ lè gba àárín wọn. Ẹni tó jókòó ń rí bàtà ẹni tó wà lọ́tùn-ún, ó ń rí ṣòkòtò ẹni tó wà lósì tó ká jọ sí ọrùn ẹsẹ̀. Bí ẹni tó ń fọwọ́ bá gbójú sókè wo dígí, ojú àwọn méjèèjì lè ṣe mẹ́rin láàárín àlàfo yẹn.

Ẹ wá lọ sí Sweden tàbí Finland. Ògiri gidi ni ẹ máa bá níbi tó pọ̀, láti ilẹ̀ dé àjà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó wọ inú férémù rẹ̀. Ẹni tó ti ibẹ̀ dé Chicago fún ìgbà àkọ́kọ́ á rò pé wọn ò tíì kọ́lé náà tán ni.

Kí ló fà á? Àwọn tó ń ya àwòrán ilé ní ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n máa ń kà bí àkọ́sórí: kí ilẹ̀ lè rọrùn láti nù, kí atẹ́gùn lè fẹ́ wọlé, kí a lè tètè mọ̀ bí ẹnì kan bá dákú sínú rẹ̀, kí àwọn oníwàkíwà má bàa rí ibi sá pamọ́ sí. Mo ti gbọ́ ìdáhùn wọ̀nyí títí, kò sí ọ̀kan tó wọ̀ mí létí.

Ẹ gbé ti ìnulẹ̀ wò. Ilẹ̀kùn ni èèyàn ń gbà wọlé, ilẹ̀kùn náà ni ìnulẹ̀ ń gbà wọlé. Mi ò fojú kéré iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ o. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ìrora wọn bá jẹ yín lógún, ẹ gbé ìjókòó kọ́ ara ògiri kí wọ́n lè nu abẹ́ rẹ̀, ẹ sì fi òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Ti ẹni tó dákú ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ wà tí wọ́n ń fi ẹyọ owó yí láti ìta, ilẹ̀kùn wà tó ń ṣí síta tàbí tí wọ́n lè gbé kúrò lórí àgbékọ́ rẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ti wà ní ọjà láti ayébáyé.

Ti àwọn oníwàkíwà ló ń bí mi nínú jù. Ní ọdún 2007, ọlọ́pàá mú aṣòfin àgbà kan ní pápákọ̀ òfurufú Minneapolis. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ṣe àmì sí ẹni tó wà ní yàrá kejì, lábẹ́ pákó. Ẹ gbọ́ o: abẹ́ pákó! Àlàfo tí wọ́n ní ó ń dènà ìwà náà gan-an ni ẹ̀sùn náà sọ pé ó gbà.

Òótọ́ ibẹ̀ rọrùn. Ìwọ̀n kan náà ni ilé iṣẹ́ fi ń gé ilẹ̀kùn àti pákó wọ̀nyí. Ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì máa ń rọ̀ sí ibi tí omi ń gbà lọ, ògiri rẹ̀ kì í sì í gún tán. Bí pákó bá dé ilẹ̀, bí ilẹ̀kùn bá wọ òpó rẹ̀ déédéé, oníṣẹ́ ní láti wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó gé e, kó tún un gé. Bí àlàfo bá wà, àlàfo náà á bo gbogbo wíwọ́ ilé. Ó yá, ó sì dínwó. Ohun tí mo wá sọ níbí nìyẹn, n ó sì tún un sọ kí n tó jókòó: owó ló fa àlàfo yẹn, àìfọkàntán aráàlú ló sì jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ro ti ẹnì kan tó lè hùwà burúkú, wọn ò ro ti ọgọ́rùn-ún tó kàn fẹ́ gbọnsẹ̀ ní àlàáfíà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ ọ́ nínú pé ìtìjú yìí, ọ̀rọ̀ ayé òde òní ni, ṣebí àwọn ará Róòmù àtijọ́ jókòó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Ostia, nítòsí Róòmù, ìjókòó òkúta bí ogún ṣì wà nínú yàrá kan títí dòní, kò sí ògiri láàárín wọn. Aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wọ̀, ó bo itan, gbogbo ẹni tó wọlé sì mọ ohun tó wọ̀. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Beijing náà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò nílẹ̀kùn pọ̀ lọ jàra kí ìjọba China tó gbé ètò àtúnṣe ńlá dìde ní 2015. Mi ò bá ẹni tí kò ní ilẹ̀kùn jà, torí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn sí i, tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ti ṣèlérí fún mi. Òun ni mò ń bá wí.

Ibí yìí ni obìnrin kan lórí àga onítáyà, ní ìlà kejì, nawọ́ sókè. Mo fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ yìí torí òun ló darí ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Ó ní: “Ẹ ṣé, sà. Àlàfo tí ẹ ń bú yìí, ẹsẹ̀ mi àti ibi tí mò ń gbé e lé ló ń gba abẹ́ rẹ̀ bí mo bá ń yí àga mi. Bí wọ́n bá dí i, ibo ni kí n gbà?”

Ẹ ṣeun, mà. Ìlànà ọdún 2010 tí Amẹ́ríkà ṣe lábẹ́ òfin ADA, òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, mọ ìṣòro yín. Ó ní kí yàrá oníàga fẹ̀ tó ínṣì 60, ó kéré tán, kí àlàfo tó ga tó ínṣì 9 sì wà lábẹ́ pákó fún ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìyókù rẹ̀: bí yàrá náà bá fẹ̀ ju ínṣì 66 lọ, kò pọn dandan kí àlàfo wà ní ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá jìn ju ínṣì 62 lọ, tí ìjókòó sì wà lára ògiri, kò pọn dandan kí ó wà níwájú náà. Ínṣì 6! Gígùn bírò kan. Òfin fúnra rẹ̀ gbà pé ohun tí ẹ nílò ni ààyè, àlàfo kàn jẹ́ ọ̀nà láti rí i gbà láìfi kún yàrá. Mà, wọn ò fún yín ní ààyè tán, wọ́n ní kí ẹsẹ̀ yín lọ yá a lọ́wọ́ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti ààyè, àwọn obìnrin ti wà nínú ìjà yẹn tipẹ́. Ibi ìtọ̀ ọkùnrin kò gba ààyè bíi yàrá onílẹ̀kùn, nítorí náà bí yàrá méjì bá fẹ̀ bákan náà, ọkùnrin tó lè lò ó lẹ́ẹ̀kan náà ló ń pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí ìlà fi ń gùn lẹ́nu ọ̀nà àwọn obìnrin. Nígbà kan, wọ́n tún ń sọ ẹyọ owó sínú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kó tó ṣí, nígbà tí ọkùnrin ń tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1969, March Fong Eu, aṣòfin ní California, fi òòlù fọ́ ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ìjọba láti tako ìyẹn. Chicago fòfin de ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olówó ní 1973.

Alága ti fi aago hàn mí, n ó yára. Ní Kòríà Gúúsù, kámẹ́rà tí àwọn èèyànkéèyàn ń fi pamọ́ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sí ìgboro ní 2018. Ìlú Seoul ní òun á máa yẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò tó lé ní 20,000 wò lójoojúmọ́. Fóònù kan ló tó láti fi gba abẹ́ pákó wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ní àlàfo ń dáàbò boni, ẹ dáhùn ìyẹn ná.

Ní Japan, ohùn pàápàá ni wọ́n ń bò. Àwọn obìnrin ń ṣí omi léraléra kí ẹni tó wà nítòsí má bàa gbọ́ nǹkan kan, omi sì ń ṣòfò. TOTO, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, wá gbé Otohime jáde ní 1988, ẹ̀rọ kékeré tó ń dún bí omi tó ń ṣàn. Ní 2020, Shigeru Ban, ayàwòrán ilé, kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onídígí sí ọgbà méjì ní Shibuya, ní ìlú Tokyo: ẹ̀ ń rí inú rẹ̀ láti òkèèrè, ẹ mọ̀ pé ó mọ́, kò sí ẹni tó fara pamọ́ síbẹ̀, bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, dígí kò ní fi inú hàn mọ́. England náà ti ṣe ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024: nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun tí kì í ṣe ilé gbígbé, bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan bá jẹ́ ti takọtabo, kí ó jẹ́ yàrá tó dá dúró, tó ní ibi ìfọwọ́ tirẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló béèrè gbẹ̀yìn. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé, ó ní bí ògiri bá dé àjà, yàrá kọ̀ọ̀kan á nílò iná tirẹ̀, atẹ́gùn tirẹ̀, àti ẹnu omi tí ń pa iná nígbà ìjàm̀bá, ta ló fẹ́ san án? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí òun nìkan ló dárúkọ owó ní ìrọ̀lẹ́ yẹn yàtọ̀ sí mi. Mo ní kó lọ kọ ọ́ sínú àwòrán rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó fi iye rẹ̀ síwájú ẹni tó ni ilé: iye tí yàrá tó dí tán máa jẹ, iye tí èyí tó ní àlàfo máa jẹ. Kí onílé fọwọ́ sí èyí tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ó má tún sọ fún àwọn tó ń lò ó pé nítorí ààbò wọn ni.