Kí Ló Wà Lọ́wọ́ Ìyá? Ìyá, Ọmọbìnrin àti Ayé Ọkùnrin Nínú Ìwé Ìtàn

Ohun tí mo bá àwọn olólùfẹ́ ìwé kan sọ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nìyí. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń tún ọ̀rọ̀ sọ kúrò. Mo sì fi ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí kún un, torí pé àwọn ìbéèrè ọ̀hún dára ju ọ̀rọ̀ tèmi lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin èwe, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí Olúrónbí. Kò sẹ́ni tó wà níbí tí kò mọ orin rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a báyìí ni, gbogbo ilé ti ń gbè é. Àwọn obìnrin ìlú lọ bá Ìrókò, wọ́n ń wá ojúrere rẹ̀. Ẹnìkan jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́, ẹnìkan jẹ́jẹ̀ẹ́ àgùntàn, Olúrónbí jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ pupa bí epo. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá pa àlọ́ náà tán, Olúrónbí la máa ń dá lẹ́bi: ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Èmi náà bá wọn dá a lẹ́bi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí mo dàgbà ni ohun tó wà nínú orin yẹn gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn sí mi. Àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ ní ewúrẹ́ lórí ìso. Àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ àgùntàn ní àgùntàn. Kí ni Olúrónbí ní? (Ẹ má bi mí pé bàbá ọmọ dà. Orin náà kò dárúkọ rẹ̀. Bóyá ó lọ sóko.)

Bí a bá ń ka ìwé tí ìyá ti ń gbìyànjú láti dáàbò bo ọmọ rẹ̀ obìnrin láàrin àwọn tó jẹ́ pé ọkùnrin ló ni ilẹ̀, tó ni owó, tó sì tún ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, a tètè máa ń bi ara wa pé ṣé ìyá yìí tiẹ̀ fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kò gbé èmi dé ibì kankan rí. Ohun tí mo máa ń bi ìwé báyìí ni pé: kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ mú ìwé Buchi Emecheta tó jáde ní 1979, The Joys of Motherhood. Ona ni ìyá tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá Ona kò ní ọmọkùnrin, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ́kọ. Ó fẹ́ kó bímọ sí ilé òun. Agbadi, ìjòyè kan báyìí, ní òun ni òun yóò fẹ́ ẹ. Nígbà tí oyún dé, Ona fúnra rẹ̀ ló la oyún náà sí méjì láàrin wọn: bó bá jẹ́ ọkùnrin, ti bàbá òun ni, bó bá jẹ́ obìnrin, kí Agbadi mú un. Ó ní ibi tí agbára òun mọ nìyẹn. Obìnrin ló bí, Nnu Ego. Nígbà tí Ona ń kú lọ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ kejì, ó bẹ Agbadi pé kó jẹ́ kí ọmọ náà ní ayé tirẹ̀, kó lọ́kọ bó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kú lọ. Agbadi fẹ́ràn ọmọ yẹn bí ojú. Síbẹ̀, òun náà ló fi í fọ́kọ. Nígbà tí oyún kò dé tí ọkọ sì ń lù ú, ó lọ mú un wálé, ó tún wá fi í ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan l'Ékòó tí ọmọ náà kò fojú kàn rí. Bàbá rere ni o. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Nnu Ego wá bí ìbejì obìnrin l'Ékòó. Ọmọ Ibo ni wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ tiwa ni wọ́n sọ wọ́n, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ilé ìwé kan àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, òwò kan àwọn. Nnu Ego, ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi ẹ̀mí tó kù bẹ̀bẹ̀ fún, òun náà kó gbogbo owó táṣẹ́rẹ́ tó rí lé àwọn ọkùnrin lórí, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé àwọn ni yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Ẹ̀bá ọ̀nà ló kú sí, kò sí ọmọ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ bá mi ká lọ sí Sìmbábúwè, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Rhodesia. Tsitsi Dangarembga ló kọ Nervous Conditions, ó jáde ní 1988. Owó ilé ìwé kò sí nílé Tambu, ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà. Ìyá rẹ̀ bọ ẹyin, ó rù ú lọ sí ibùdókọ̀, ó ń tà á fún àwọn èrò ọkọ̀, ó sì fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sílé ìwé. Nhamo ni ọmọ yẹn, ọkùnrin. Nígbà tó kan Tambu, owó kò tó mọ́. Bàbá rẹ̀ bi í bóyá ìwé ni yóò máa sè fún ọkọ jẹ. Tambu ní kí wọ́n fún òun ní irúgbìn àgbàdo, òun yóò gbìn ín, òun yóò tà á, òun yóò fi sanwó ara òun. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ló dá sí i: irúgbìn ni ọmọ yìí ń tọrọ, ìyẹn kò sì kọjá agbára wa, jẹ́ kó dán an wò, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣeé ṣe.

Mo ti ka ibẹ̀ yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ìyá náà kò gbà pé ọmọ òun yóò rí i ṣe. Ó jọ pé ó tiẹ̀ fẹ́ kó kùnà, kó lè tètè mọ bí ayé obìnrin ṣe wúwo kó tó di pé ọkọ kọ́ ọ. Ìfaradà ló ń pè ní ààbò, torí ìfaradà ló gbé e débi tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀hún na irúgbìn sí ọmọ. Àgbàdo hù. Nhamo ń jí nínú rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Tambu sì fò mọ́ ọn, ìjà dé. Olùkọ́ kan gbé ọmọ náà lọ sígboro kó lọ ta ìwọ̀nba tó kù, òyìnbó obìnrin kan sì fún un ní pọ́n-ùn mẹ́wàá. Bàbá yìí kan náà tó fi ọ̀rọ̀ irúgbìn ṣe yẹ̀yẹ́ ló wá gbọ̀nà ilé ìwé lọ, pé owó òun ni, kí wọ́n kó o fún òun. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Ti àwọn obìnrin le ju ti àwọn ọkùnrin lọ.

Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé abẹ ló wà lọ́wọ́ ìyá. Firdaus, nínú Woman at Point Zero tí Nawal El Saadawi kọ ní Íjíbítì, béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń bímọ. Ìyá lù ú, ó sì lọ pe obìnrin kan wá láti dábẹ́ fún un. Kí a má fi ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Íjíbítì nìkan. Òfin ìjọba àpapọ̀ wa ti ọdún 2015 ka dídábẹ́ fún ọmọbìnrin léèwọ̀, òfin kì í sì í ka ohun tí kò sí léèwọ̀. Ìyá tó gbé ọmọ lọ fún olóòlà gbà pé òun ń dáàbò bò ó ni, kí wọ́n má baà sọ pé kò ní rọ́kọ fẹ́.

Mariama Bâ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, n kò ní fi bò. Ìwé rẹ̀, Une si longue lettre, jáde ní Sẹ̀nẹ̀gàl ní 1979, ó gba ẹ̀bùn Noma fún ìwé ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980, Bâ sì kú ní 1981. Ìyá méjì ló wà nínú ìwé kan ṣoṣo. Ìṣẹ́ ti han ìyá Binetou léèmọ̀. Ọkùnrin kan tó jẹ́ bàbá ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ ń wá ọmọ náà, ó ṣèlérí ilé, ó ṣèlérí Mẹ́kà. Ìyá náà sunkún sí ọmọ lọ́rùn pé kó jẹ́ kí òun náà gbé ilé gidi kí òun tó kú. Binetou fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ sílé ọkọ. Ẹ má tíì bú ìyá yẹn. Olúrónbí ni. Nínú gbogbo ohun tó ní, ọmọ nìkan ni ayé ń náwó sí.

Ìyá kejì ni Ramatoulaye, ìyáálé tí ọkùnrin yìí kan náà fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjìlá. Olùkọ́ ni, ó ń gba owó oṣù. Ọmọ rẹ̀ kan, Aïssatou, lóyún nígbà tó ṣì wà nílé ìwé. Farmata aládùúgbò ló kọ́kọ́ fura, ó tú àṣírí náà fún ìyá, ó wá ń retí igbe. Igbe kò dé. Ọ̀rọ̀ náà ká ìyá lára, inú bí i, ṣùgbọ́n ó gbá ọmọ mọ́ra, Farmata sì ń wò bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Lẹ́yìn náà ni ìyá rí ọmọkùnrin tó fún un lóyún, wọ́n jọ wá bí ọmọ yóò ṣe ka ìwé rẹ̀ tán, torí pé ilé ìwé ń lé ọmọbìnrin tó bá lóyún, ẹni tó fún un lóyún sì ń lọ kíláàsì tirẹ̀ ní ìrọwọ́rọsẹ̀.

Ṣé Ramatoulaye fẹ́ràn ọmọ ju ìyá Binetou lọ ni? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè lé Ramatoulaye jáde nílé nítorí oyún ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ti wá.

Bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn dá mi dúró níbẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé owó ló wá di ìfẹ́ ni?" Mo ní rárá, sà. Ìwé tó wáyé n'Ìbàdàn níbí ni mo fi dá wọn lóhùn.

Lola Shoneyin kọ The Secret Lives of Baba Segi's Wives ní 2010. Owó kò wọ́n Ìyá Sẹ̀gi, ìyáálé Bàbá Sẹ̀gi, ó ń ta sìmẹ́ńtì, inú ilé sì ń gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìyàwó kẹrin dé, Bọ́láńlé, ọmọ yunifásítì, ẹ̀rù bà á pé àṣírí ilé fẹ́ tú. Wọ́n fi májèlé sí oúnjẹ ìyàwó tuntun. Sẹ̀gi, ọmọ tirẹ̀, ló jẹ ẹ́. (Ẹni tí kò tíì kà á, kó foríjì mí.) Nítorí náà, sà, owó wà lọ́wọ́ yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ọwọ́ náà mọ̀ ọ́n ṣe ni kó di ààyè mú nílé ọkùnrin kan. Ìwé yẹn kan náà ló ní Bọ́láńlé, tí ọkùnrin kan fipá bá lò pọ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15. Ìyá rẹ̀ le bí ojú ẹja, ó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ìṣọ́ yẹn pọ̀ débi pé nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ìyá gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọmọ fi pamọ́ fún.

A kò lè jókòó n'Ìbàdàn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ká má dárúkọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ìyálóde ìlú yìí ni. Ó ní oko rẹpẹtẹ, ó ní ẹrú, ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun láwìn. Bí ohun tó wà lọ́wọ́ ìyá bá tó dáàbò bo ọmọ, tirẹ̀ tó. Ìtàn sì sọ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, èyí tí èrò tìtorí rẹ̀ kún pápá ìṣeré Liberty nígbà tí wọ́n ṣe é, a kò rí ọmọbìnrin yìí. Obìnrin tí kò lọ́mọ la rí, a rí òfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, a rí bí Adétutù, ẹrú rẹ̀ tó lóyún, ṣe kú. Ọ̀gá ni Ìṣọ̀lá nínú èdè yìí, n kò tó ẹni tó ń bá a jà. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó: bó bá jẹ́ pé ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n gbé sórí ìtàgé, ṣé bí a ṣe ṣépè fún un la ó ṣe ṣépè fún un? Ní 1874, Aàrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn ìgbà náà, dojú kọ ọ́, àwọn ẹrú rẹ̀ sì wọlé pa á lóru. Ọmọ tó gbà tọ́ wà nínú ọ̀tẹ̀ náà, ọkùnrin.

Ọ̀dọ́bìnrin kan bi mí pé ta ló kọ́ mi láti máa wo ọwọ́. Mo ní ìyá mi ni. Ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n ń tà. Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n lọ́dún tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ ra fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ti ẹ̀gbọ́n mi lówó mọ, kí èmi lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Màmá kò bá wọn jiyàn. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n ti ọwọ́ bọ agolo ẹ̀lùbọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n fa káàdì àjọ kan jáde nínú ọ̀rá. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n fi etí ìró nù ún. Àmì báírò alájọ kún ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí n kà á, kí n sọ iye tó jẹ́. Wọ́n mọ iye rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ó ti ẹnu mi jáde ni.

Ìyá àgbà kan tó ń ta òfì ní Òjé ló béèrè kẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, olùkọ́ yẹn, tí ọmọ ẹ̀ lóyún, kí ló sọ fọ́mọ náà gan-an?" Mo ṣí ìwé, mo ń kà á, mo ń yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ. Wọ́n mú iná lọ láàrin rẹ̀. Ẹnìkan tan iná fóònù sí ojú ìwé, mo kà á dé òpin. Màmá ní kí n padà síbi tí ìyá ti gbá ọmọ mọ́ra, kí n ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.