Ẹ Yọ Yìnyín Kúrò Kí Ẹ Tó Wọn Ihò Dúdú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ihò dúdú, ohun tó wúwo débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò lè jáde nínú rẹ̀. Ihò dúdú tòní kì í ṣe àwọn òmìrán tó máa ń wà láàárín gálásì ńláńlá, ìyẹn agbo ìràwọ̀, kì í sì í ṣe èyí tí ìràwọ̀ kan fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Ti àárín méjì ni: ó wúwo ju oòrùn wa lọ ní ìlọ́po 100 títí dé nǹkan bíi 100,000. Inú gálásì kéékèèké la ti ń wá a.

Ẹ gbọ́ o: kò sẹ́ni tó máa rí ihò yẹn. Mo tún un sọ, KÒ SẸ́NI TÓ MÁA RÍ I! Eré tí àwọn ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sá là ń wò. Bó bá ṣe wúwo tó ni wọ́n á ṣe sáré tó. Ìyẹn ò le.

Ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í rèé. Ẹ dúró, ẹ má tíì lọ. Àárín gálásì kékeré kì í ṣófo, ìràwọ̀ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn náà sì wúwo. Lọ́jọ́ kan, mo ra Titus kílò kan. A gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó pé géérégé. Mo délé, yìnyín yọ́, ẹja méjì péré ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú abọ́ mi. Owó omi ni mo san! Nítorí náà, Ẹ YỌ YÌNYÍN KÚRÒ. Èyí tó burú jù ni òkú ìràwọ̀: kì í tàn, ó wúwo, ó sì máa ń rì sí àárín.

Ẹ wo Omega Centauri, ìdìpọ̀ ìràwọ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọkàn gálásì kékeré kan ni, èyí tí gálásì tiwa ti gbé mì. Ní 2024, àwọn kan tú àwòrán tó lé ní 500 wò, tí Hubble, awò awọ̀nàjíjìn tó wà lójú òfurufú, yà, àwòrán nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n rí ìràwọ̀ méje tó ń sá eré àsápajúdé. Eré yẹn yẹ kó ti gbé wọn jáde, àmọ́ wọn ò lọ. A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán! Wọ́n ní ihò náà ò dín ní oòrùn 8,200. Èmi gbà á. Àwọn mìíràn ní òkú ìràwọ̀ ni. Yìnyín, àbí?

Kí ìjà yìí tó parí, a gbọ́dọ̀ wo ìtòsí ihò gan-an. Ká ní ihò oòrùn 10,000 wà nínú NGC 205, gálásì kékeré tó ń bá Andromeda, gálásì ńlá tó wà nítòsí tiwa, rìn. Ibi tí agbára rẹ̀ dé ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún ìmọ́lẹ̀ kan lọ (ọdún ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan), ọ̀nà ibẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 2.7 ọdún ìmọ́lẹ̀! Dígí Hubble ò ju mítà 2.4 lọ, ṣe ló máa po gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ibi tí ELT, awò awọ̀nàjíjìn ńlá kan, ti wọlé nìyẹn o. Lórí òkè Cerro Armazones ní Chile ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, dígí kéékèèké 798 ni wọ́n ń tò di ẹyọ kan tó fẹ̀ tó mítà 39. Afẹ́fẹ́ máa ń mú kí ìràwọ̀ gbọ̀n, dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú rẹ̀ á sì máa tẹ̀ láti tún un ṣe, títí dé ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òkú ìràwọ̀, bó tilẹ̀ rì sí àárín, kì í kó jọ sójú kan, ṣe ló máa ń fọ́n ká. Ihò dúdú, ojú kan ló wà. Bí a bá ń sún mọ́ àárín gbùngbùn, tí eré àwọn ìràwọ̀ ń le sí i, tí kò dẹ̀ rárá, ẹja nìyẹn.