Kí Ìrìn Fàájì Tó Dé Ọwọ́ Mẹ̀kúnnù

TÍTÍ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa lẹ́yìn odi. Bọ̀dá Káyọ̀, ẹ ṣèlérí pé ìrìn fàájì la máa tú palẹ̀ lónìí.

KÁYỌ̀: Mo ṣèlérí, mo sì ti múra. Títí, láyé àtijọ́, ẹni tó bá fi ilé sílẹ̀, nǹkan ló ń lé e: òwò, ogun, tàbí ilẹ̀ mímọ́ tó fẹ́ lọ. Kéèyàn di ẹrù torí pé ojú fẹ́ ríran lásán, ọlọ́lá ló ń ṣe é.

TÍTÍ: Àwọn ará Róòmù ayé ọjọ́un ńkọ́?

KÁYỌ̀: Àwọn olówó wọn ni! Baiae tó wà létí òkun nítòsí Naples ni wọ́n ti ń lọ wẹ omi gbígbóná. Àwọn mìíràn dé Íjíbítì, wọ́n fín orúkọ sára ère ńlá Memnon. Èèyàn ṣì ń kà á dòní.

TÍTÍ: Háà! “Mo débí” ti pẹ́ láyé nìyẹn.

KÁYỌ̀: Ó pẹ́. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe tiwọn, Grand Tour: Paris, Venice, Rome, olùkọ́ á máa tẹ̀ lé wọn kiri. Ẹlòmíì á lo ọdún méjì. Ní 5 Oṣù Keje 1841, Thomas Cook, oníwàásù Onítẹ̀bọmi tó kórìíra ọtí, kó bíi 500 èèyàn wọkọ̀ ojú irin láti Leicester lọ sí Loughborough. Ṣílè kan ni àlọ àtàbọ̀.

TÍTÍ: Fàájì ni wọ́n bá lọ?

KÁYỌ̀: Ìpàdé àwọn tó lòdì sí ọtí ni! Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti rí i pé òun lè máa kó èèyàn rìnrìn àjò. Nígbà tó fi di 1872, ó kó àwọn kan yí ayé ká, ọjọ́ 222.

TÍTÍ: Ọkọ̀ ojú irin ló wá ṣílẹ̀kùn fún mẹ̀kúnnù.

KÁYỌ̀: Mi ò gbà. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gé owó rẹ̀ bó bá fi ọjọ́ kan jókòó sílé, ibo lọkọ̀ fẹ́ gbé e lọ? Òfin ló ṣílẹ̀kùn náà. Ní 1936, Faransé fún òṣìṣẹ́ ní líìfù ọ̀sẹ̀ méjì, owó wọn ò sì ní dín. Wọ́n tún yọ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fojú rí òkun! Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tirẹ̀ ní 1938.

TÍTÍ: Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, odidi ọdún méjì ni mi ò fi gba líìfù. Mo bá tọrọ, wọ́n á níṣẹ́ pọ̀. Ẹnì kan ló sọ fún mi pé ẹ̀tọ́ mi ni.

KÁYỌ̀: O wá lọ?

TÍTÍ: Mo lọ, sà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko létí òkun. Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó yéé wo aago.