Bí mo ṣe ń ná ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjà Olúwo ni mo wà yìí, nílùú Ẹ̀pẹ́. Ẹ ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi. Oúnjẹ ni mò ń sè tà, ẹja yíyan ló sì ń gba owó lọ́wọ́ mi jù. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n ná ni, ǹ bá ti ti ṣọ́ọ̀bù pa tipẹ́. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá tí ẹ máa rí kí n tó tan kámẹ́rà o. Ẹ má kàn máa na fóònù sí ọlọ́jà lójú.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ kọ́kọ́ rìn. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Mo fẹ́ àrọ̀ yíyan, nítorí náà mo ti béèrè níwájú àtẹ mẹ́ta. Ẹnì kan pe òkìtì ní ₦15,000, ẹnì kan ₦14,000, ẹnì kẹta ₦16,000, ṣùgbọ́n ẹja tirẹ̀ sanra. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo kàn béèrè ni, n kò dá iye kankan lé e. Bí ẹ bá ti sọ pé ẹ ó san iye báyìí, tí ọlọ́jà ní "ó yá, ẹ mú un," tí ẹ wá yí ẹ̀yìn padà, ohun tí etí yín bá gbọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ fara mọ́ ọn.

Ó dáa, mo ti padà sọ́dọ̀ ìyá àkọ́kọ́.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ajé á wọgbá."

"Àmín o, oníbàárà mi. Ẹ jókòó."

Ẹ máa kí wọn dáadáa kí ẹ tó béèrè iye. Ẹlòmíì á dé, á na ìka sí ẹja: "Èló lèyí?" Iye tí wọ́n máa pè fún un, ó máa ń yàtọ̀.

Ẹ sún mọ́bí, ẹ wo ọwọ́ mi. Èyí ṣe pàtàkì ju ẹnu lọ. Àwọn tó tóbi ni wọ́n máa ń tò sókè, nítorí náà mo máa ń gbé méjì àkọ́kọ́ kúrò kí n wo ìsàlẹ̀. Wo eléyìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo tún máa ń tẹ ikùn rẹ̀: bó bá rọ̀, iná kò dé inú, kò ní pẹ́ hu funfun. Mo wá gbọn ọ́n sórí àtẹ báyìí. Bí ìyẹ̀fun bá ń já bọ́, kòkòrò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Èyí mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ti já níkùn. N kò ní pariwo pé ẹja yín kò dáa. Ẹni tó ń bú ọjà ọlọ́jà, kí ló tún dúró ṣe níbẹ̀? Mo kàn máa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ìyá, ẹ bá mi pààrọ̀ eléyìí." Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. A ò tíì sọ̀rọ̀ owó o.

Ó wá kan owó. Àwọn kan ní kí ẹ máa dá ìdajì lé e. Ìyẹn lè ṣiṣẹ́ nídìí aṣọ. Ẹja kọ́. Èrè orí ẹja kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá dá ìdajì lé e, wọ́n á kọjú sí ẹlòmíì. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi ìdá méjì nínú mẹ́ta.

"Ìyá, ẹ gba ₦10,000."

"Há! Kò gbà o. Ẹ sọ̀rọ̀ gidi. Ẹ mú ₦14,000 wá."

"₦11,000."

"₦13,000, ojú owó nìyẹn."

"₦11,500, Ìyá mi."

Ẹ rí i? Mo fi ẹgbẹ̀rún kan kún un lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Bí iye tí ẹ ń fi kún un bá ń kéré sí i, wọ́n á mọ̀ pé àpò yín ti ń gbẹ. Ẹ má yọ owó síta. Èmi ti ka ₦12,000 sápò ọ̀tún, ìyókù wà nínú báàgì.

"Ó yá, Ìyá, ₦12,000, òun ni mo mú dání." Mo dìde. Mò ń lọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́...

"Ẹ padà wá! Ẹ fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sí i."

Bí wọn kò bá pè yín, iye tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn ni ojú owó lóòótọ́ nìyẹn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ padà lọ san án. Èmi máa fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yẹn sí i, ṣùgbọ́n èmi náà máa gba èènì. "Ìyá, èènì mi ńkọ́?" Wọ́n ti bu edé gbígbẹ sí i fún mi. Edé yẹn ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ lọ́wọ́ mi.

Nígbà kan, mo fún ọmọbìnrin ẹlẹ́ja kan mọ́ ògiri lórí owó, mo tún pè é ní olè. Lójijì ló gbà. Mo rò pé mo ti borí. Nígbà tí mo tú ọ̀rá dúdú nílé, ẹja mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ ti bu. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi ni mo fi ń kó ẹja sínú ọ̀rá, ẹnu mi náà sì ti rọ̀.

Ẹlẹ́ja tútù nìkan ni mo máa ń dúró de ìrọ̀lẹ́ fún, torí oòrùn ń lé e. Ẹja yíyan ò ní wàhálà, ó lè dúró di ọ̀la, ìyá kò sì ní torí ilẹ̀ tó ń ṣú dín in kù fún yín. Bó bá sì jẹ́ tiransifá lẹ ó fi san, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó ná an. Kí ẹ ná an tán kí ẹ tó ní kò sí káàṣì, ìjà ni.

Mo ti san ₦12,500. "Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ ó tà á tán."

"Àmín. Ṣé ẹ ò ní gbé fídíò yẹn síta pẹ̀lú iye tí mo gbà? Bí wọ́n bá dé lọ́la, ibẹ̀ ni gbogbo wọn á ti máa bẹ̀rẹ̀ o."

Mo ti gbọ́, Ìyá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí, ₦15,000 ni mo rà á.