Gernot Rohr: Àlejò Tó Fi Ojú Ríran

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá ìlú Òṣogbo, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi pápá sílẹ̀ lọ́sàn-án yìí wá jókòó tì wá, mo kí yín. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi wo iṣẹ́ Gernot Rohr, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Jámánì tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè márùn-ún nílẹ̀ Áfíríkà. Ní tèmi, àlejò yìí fi ojú rẹ̀ ríran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan wà nínú ilé wa tí kò rí.

Ọdún 1953 ni wọ́n bí i ní Mannheim, bọ́ọ̀lù sì ti wà nínú ẹbí wọn kó tó dáyé. Oskar Rohr, àgbà kan nínú ẹbí náà, wà lára àwọn tó mi àwọ̀n nígbà tí Bayern Munich kọ́kọ́ di ọ̀gá ní Jámánì lọ́dún 1932. Gernot fúnra rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Bayern kọjá, ṣùgbọ́n àsìkò Beckenbauer ni, ààyè kò sí fún ọmọdé níbẹ̀. Ní 1977 ó kọjá sí Bordeaux ní Faransé, ó lo ọdún méjìlá níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, wọ́n sì gba ife líìgì ní 1984, 1985 àti 1987. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ipò yẹn. Ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, iwájú rẹ̀ ni gbogbo pápá wà. Ó ní láti rí ewu kí ẹlòmíràn tó rí i, nítorí àṣìṣe rẹ̀ kan ṣoṣo lè di góòlù. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́ sùúrù tí a rí lára rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ní 1996, òun ló ń darí Bordeaux tí Zidane, Lizarazu àti Dugarry wà nínú rẹ̀, nínú ìdíje ife UEFA fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù. AC Milan nà wọ́n ní ayò méjì sí òdo ní Italy. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n fi mẹ́ta sí òdo gbẹ̀san. Bayern tó tọ́ ọ dàgbà ló wá gba ife UEFA mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àṣekágbá.

Gabon ló kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà ní 2010. Nígbà tí wọ́n gbàlejò ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní 2012, ikọ̀ rẹ̀ borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkọ́kọ́, kí Mali tó fi pẹ́náritì lé wọn jáde. Ó lọ sí Niger, ó lọ sí Burkina Faso, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù kẹjọ 2016.

Ilé tó ti ń jò ló bá. Super Eagles kò lọ sí ìdíje Áfíríkà ti 2015, ti 2017 náà sì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún wá kó wọn pọ̀ mọ́ Cameroon, Algeria àti Zambia láti du ààyè Ife Àgbáyé. A na Cameroon ní mẹ́rin sí òdo ní Uyo, nígbà tó sì di ọjọ́ keje oṣù kẹwàá 2017, Iwobi gbá ayò kan ṣoṣo sínú àwọ̀n Zambia, Nàìjíríà sì di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó rí ọ̀nà Rọ́ṣíà.

Ọdún 2019 ló dùn mí jù. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ni, àwa àti Algeria, ayò kan sí ọ̀kan, ìṣẹ́jú àfikún ti ń tán lọ. Mahrez, agbábọ́ọ̀lù Algeria, gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó sún sẹ́yìn, àwọn ọmọ wa to ara wọn bí ògiri. Nínú ilé tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ní Òkè-Fìà, ọkùnrin kan ti gun orí àga kó lè ríran. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n, gbogbo ilé dákẹ́ débi pé ìró jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé nìkan ni mo ń gbọ́. Lẹ́yìn náà a borí Tunisia, a sì gba ipò kẹta.

Ohun tí kò rí ni líìgì ilé wa. Ó wá àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí òkè òkun kàn, Ola Aina, Joe Aribo, Maduka Okoye, ó sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sáré lórí pápá eléruku bíi tiwa níhìn-ín kò fi bẹ́ẹ̀ rí ojú rere rẹ̀. Ẹjọ́ yìí tọ́. Síbẹ̀, bí a ṣe lé e kò tọ́. Lóòótọ́, Sierra Leone ti ti ẹ̀yìn ayò mẹ́rin bọ̀ wá bá wa ta ọ̀mì ní Benin City, Central African Republic sì ti nà wá nílùú Èkó. Ṣùgbọ́n oṣù kejìlá 2021, ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìdíje Áfíríkà bẹ̀rẹ̀, ni NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, dá a dúró, tí àdéhùn rẹ̀ ṣì ku ọdún kan. FIFA pàṣẹ pé kí wọ́n san owó tó lé ní ọ̀kẹ́ méjìdínlógún dọ́là fún un.

Ní 2023, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè Benin, ilẹ̀ àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹfà 2024, ó na Nàìjíríà ní méjì sí ọ̀kan ní Abidjan. Lóṣù kẹwàá 2025 ó tún padà wá sí Uyo, pápá tó ti mú wa dé Rọ́ṣíà, a sì fi mẹ́rin sí òdo nà án. Victor Osimhen gbá mẹ́ta nínú rẹ̀, ọmọ tí Rohr fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ wọ aṣọ Super Eagles fún ní 2017.