Olè Gaàrí àti Ìdí Kóńgò Mi (Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Àárọ̀ Òní)

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ṣé a jí dáadáa? Ní Òkè-Baálẹ̀ tiwa n'Ọ́ṣogbo níbí, iná ò wá mọ́jú, inú ooru la sùn, ṣùgbọ́n a jí, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ẹ má bínú tí tòní bá gùn díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti ń yí mi nínú láti bí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ní ọmọ láti gbé lọ sí sùkúù kó kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ, kó padà wá kà á.

Ìwé Òwe, orí kẹfà, ẹsẹ 30 àti 31 la máa kà. Ẹsẹ 30 ní àwọn èèyàn kì í gan olè tó bá jẹ́ pé ebi ló ń pa á tó fi jí nǹkan jẹ. Ẹsẹ 31 wá ní, ṣùgbọ́n tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ìlọ́po méje ló máa san, gbogbo nǹkan tó wà nílé ẹ̀ ló máa kó kalẹ̀. Ẹ ò rí i bí Bíbélì ṣe mú gbogbo wa pọ̀? Àwa tá a ní ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ 31 la mọ̀ sórí. Ẹni tébi ń pa, ẹsẹ 30 ló máa ṣí. Bẹ́ẹ̀ wọ́n tẹ̀ lé ara wọn ni, Ọlọ́run ò fi "àbí" sáàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ mọ̀ pé gaàrí àtẹ̀wà ni mò ń tà ní ọjà Ìgbọ́nà, ó ti lé lógún ọdún. Lọ́dún 2016, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ọ́ṣogbo nígbà yẹn ẹ rántí, hááfù sálárì gbòde, ààbọ̀ owó oṣù ni ìjọba ń san, òṣìṣẹ́ ìjọba á rajà láwìn, olùkọ́ á rajà láwìn, ìwé àwìn mi kún fọ́fọ́. Ọjọ́ kan, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan pọn ọmọ wá síwájú igbá mi, ó ń béèrè iye ẹ̀wà olóyin, mo yíjú láti wá ṣéńjì fún kọ́sítọ́mà mìíràn, kí n tó yíjú padà ó ti ń lọ. Mi ò bá má mọ̀ o. Lọ́rá tó kó sábẹ́ ìborùn ẹ̀ ló lu, gaàrí wá ń dà tẹ̀ lé e nílẹ̀, funfun tínínrín, bí ẹni fi ẹfun fàlà láti ẹsẹ̀ igbá mi dé ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ni mo bá figbe ta, "Olè! Olè o!"

Ẹ mọ Ìgbọ́nà. Kí n tó pa ẹnu dé, àwọn alápatà ti débẹ̀, àwọn ọmọ onítọ́rọ́ọ̀kì ti débẹ̀, ọlọ́kadà tí ò tiẹ̀ rajà rárá pa ọ̀kadà ẹ̀ sílẹ̀ ó sáré wá. Wọ́n já ìborùn gbà lára ẹ̀, wọ́n gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nínú wọn wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì gbàgbé dòní, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ ká lè nà án dáadáa." Ọmọ yẹn ń fa ìka ẹ̀ mu, ó ń wò wá. Obìnrin náà ò sá, ò bú wa, ohun tó ń sọ fún mi jẹ́jẹ́ ni pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pariwo, wọ́n mọ ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹ̀yin ará, kóńgò wà lọ́wọ́ òsì mi. Ìka mi wà nínú ẹ̀, ó ń kan ìdí ẹ̀. Ìdí tí mo ní kí ọmọ wẹ́dà kan bá mi lù wọnú látìgbà tí owó ọjà ti ń lọ sókè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rajà ẹ mọ nǹkan tí mò ń wí. Kóńgò á kún lójú, òkìtì á wà lórí ẹ̀ ṣóńṣó, bẹ́ẹ̀ ìdí ẹ̀ ti wú wọnú tó ìka méjì. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ń tà á bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò: ẹnì kan jí gaàrí bù lẹ́ẹ̀kan nítorí ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀, èmi ń jí ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan lára kóńgò kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, lọ́wọ́ àwọn tó ń rà á fọ́mọ wọn. Kò sẹ́ni tó pariwo lé mi lórí. Mo tiẹ̀ ń san ìdá mẹ́wàá lórí ẹ̀!

Ẹ lọ ka Ámósì 8, ẹsẹ 5 sí 7, ẹ máa rí èmi àti kóńgò mi níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó ń sọ òṣùwọ̀n di kékeré, tí wọ́n ń ta pàǹtírí ọkà fún tálákà. Ọlọ́run búra níbẹ̀ pé òun ò ní gbàgbé iṣẹ́ wọn láéláé.

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé mo gbá obìnrin yẹn mọ́ra, mo fún un ní kóńgò márùn-ún. Rárá o. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, mo ti rí ọjà mi," alápatà kan tiẹ̀ bínú sí mi pé mò ń bá olè ṣe. Obìnrin yẹn lọ. Ṣùgbọ́n mo gba gaàrí náà padà. Ẹ gbọ́ o, mo gbà á padà. Iyanrìn sì ti wọ̀ ọ́, mi ò lè tà á, adìẹ ló jẹ ẹ́ nílé mi.

Ẹ má gbọ́ mi sódì o. Olè ni olè ń jẹ́. Ẹ́kísódù 20 ẹsẹ 15 tó ní ká má jalè ò ní àfikún kankan, kò ní "àfi tébi bá ń pa yín". Ẹni tẹ́ ẹ jí nǹkan ẹ̀ náà lè jẹ́ opó, ó lè jẹ́ owó gbọ́mú-lé-lántà ló fi rajà, ó sì ní iye tó gbọ́dọ̀ dá lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì ní Ọláìyá, tẹ́ ẹ bá fa ọ̀kan yọ nínú ẹrù ẹ̀ nígbà tí mótò ń lọ, ẹ mọ nǹkan tí wọ́n máa fi ọmọ yẹn ṣe tó bá délé? Tálákà tó jí ti tálákà ti pín ebi ni, kò pa ebi.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìyá tọ́mọ ẹ̀ gbé nǹkan wálé tí ò béèrè ibi tó ti wá, tó kàn gbé ìkòkò kaná. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òfin Ọlọ́run ṣe gbọ́n tó. Diutarónómì 23, ẹsẹ 24 àti 25: tó o bá wọ ọgbà àjàrà ẹnìkejì rẹ, jẹ, kó o yó, ṣùgbọ́n má bu sínú agbọ̀n rẹ. Tó o bá wọ oko ọkà ẹ̀, fi ọwọ́ ya á, má gbé dòjé sí i. Ọwọ́ yàtọ̀ sí dòjé! Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n kó oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà sí ní Ẹdẹ nítòsí wa níbí. Ìyá arúgbó wà níbẹ̀ tó gbé páálí nudú kan sórí. Àwọn kan gbé mótò wá, wọ́n ń kó o ní àpò-àpò. Mo mọ èyí tó fi ọwọ́ ya ọkà nínú wọn, mo mọ èyí tó gbé dòjé wá. Mo sì tún mọ̀ pé ẹni tó bá jókòó ti oúnjẹ nígbà tí ìlú ń ké ebi, ó ní nǹkan tó máa jẹ́jọ́ ẹ̀ níwájú Ọlọ́run.

Àfáà kan tó ń ta aṣọ lọ́ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sọ fún mi pé nígbà ayé Kálífà Umar, aṣáájú àwọn Mùsùlùmí láyé àtijọ́, lọ́dún tí ìyàn mú, Umar ní kí wọ́n dáwọ́ gígé ọwọ́ olè dúró. Ọmọ mi náà kà á sí mi létí lórí fóònù pé lọ́dún 2016, ọdún kan náà tí mò ń fi igbe ta ní Ìgbọ́nà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ítálì fagi lé ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tí wọ́n dá fún ọkùnrin kan tí ò nílé, tó jí ṣíìsì, bíi wàrà tiwa, àti sọ́séèjì, gbogbo ẹ̀ ò ju Yúrò 4 àti díẹ̀ lọ. Wọ́n ní ebi ló ń pa á, ìwọ̀nba tó máa fi pa ebi náà ló sì mú. Mi ò ṣe adájọ́ o, gaàrí ni mò ń tà. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn tó wà nípò ìdájọ́ pàápàá máa ń dúró béèrè ebi kí wọ́n tó dájọ́, èmi ò dúró.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Léfítíkù 19 ẹsẹ 9 àti 10 ní tẹ́ ẹ bá ń kórè, ẹ má kó o dé etí oko, ẹ má padà lọ ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀, ti tálákà àti àlejò ni. Nínú Rúùtù orí kejì ẹsẹ 16, Bóásì olóko tiẹ̀ ní káwọn ọmọkùnrin òun mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ nínú ìdì, kí wọ́n jù ú sílẹ̀ fún Rúùtù, kí wọ́n má sì bá a wí. Kí ni à ń pe ìyẹn lọ́jà wa? Ṣebí ènì ni! Ènì ni etí oko oníṣòwò. Láyé ìyá mi, ènì ọlọ́mọ yàtọ̀, ìyá mi á wo ẹ̀yìn obìnrin, tó bá rí ọmọ á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, á ní "tẹni ẹ̀yìn nìyẹn". Ẹ̀wà tó dà sẹ́bàá igbá, àwọn ìyá kan wà tó máa ń wá gbá a tílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á lọ fẹ́ ẹ, wọ́n á sè é. Ní báyìí àwa gan-an là ń gbá a, à ń fẹ́ ẹ, à ń dà á padà sínú àpò. A ti kórè dé etí oko, a wá ń ya ẹnu pé olè pọ̀. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ó ti burú sí i, mo mọ̀, owó mótò, owó àpò, owó gbogbo nǹkan. Etí oko wa náà la kọ́kọ́ gé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò, ẹ kọ́kọ́ ka iye ẹran tẹ́ ẹ ń bù fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba alágbàṣe, Léfítíkù 19 ẹsẹ 13 ní owó ẹ̀ ò gbọdọ̀ sùn mọ́jú lọ́wọ́ yín. Ó tán.

Ìwọ tébi ń pa tó ò ń ka èyí, ọmọ mi, la ẹnu rẹ. Obìnrin yẹn bẹ̀rù kí ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n ju bó ṣe bẹ̀rù kí wọ́n pè é lólè lọ. Ìtìjú wa ni, kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tó o bá sọ fún wa tá a wá ní "Ọlọ́run á ṣe é, máa lọ ní àlàáfíà", Jákọ́bù 2 ẹsẹ 15 àti 16 á bá wa wí, ìwọ sì ti wẹ̀ mọ́. Tó o bá sì ti jí tẹ́lẹ̀, Éfésù 4 ẹsẹ 28 ní má jí mọ́, fọwọ́ rẹ ṣiṣẹ́, kí ìwọ náà lè rí èyí tó o máa fún aláìní. Ẹ gbọ́, Pọ́ọ̀lù ti rí olè yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó máa fún èèyàn lóúnjẹ lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn yín.

Olúwa, a dúpẹ́ tó o jí wa. Bí Águrì ṣe gbàdúrà nínú Òwe 30, má fún wa ní òṣì, má fún wa ní ọrọ̀ tó máa mú wa gbàgbé Rẹ, oúnjẹ tó tó wa ni kó o fi bọ́ wa, ká má baà tòṣì ká jalè, ká sì ba orúkọ Rẹ jẹ́. Àmín.

Bàbá, ìdí kóńgò wa tá a ti lù wọnú, níbi ọjà, ní ọ́fíìsì, lórí òṣùwọ̀n epo, nínú ìwé àkáǹtì ṣọ́ọ̀ṣì, fún wa lóore-ọ̀fẹ́ láti lù ú padà síta lónìí. Dárí jì wá. Àmín.

Olúwa, gbogbo ilé tí ò dáná láti àná n'Ọ́ṣogbo yìí, ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, l'Óta-Ẹfun, l'Álẹ́kúwodò, ní Òkè-Fíà, rán ẹnì kan sí wọn kó tó dọ̀sán. Tó bá jẹ́ èmi lo fẹ́ rán, má jẹ́ kí n ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Àmín.

Ọmọ èyíkéyìí tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń jí oúnjẹ lónìí, Olúwa, pa iná mọ́ táyà lọ́wọ́ wọn, fi àgbàlagbà kan sáàárín èrò tó máa sọ pé "ẹ dúró ná". Àmín.

Fún obìnrin ọjọ́ yẹn, Jésù, mi ò mọ orúkọ ẹ̀, mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà, ọmọ tó pọ̀n á ti máa lọ sí sùkúù báyìí. Bọ́ wọn. Gaàrí tí mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀, bá mi san án ní ìlọ́po méje. Lórúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.

Mo ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ilé ẹ̀ ò bá ní nǹkan jíjẹ, kó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, tàbí kó wá sí Ìgbọ́nà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kó ní òun wá gba ènì òun. Mi ò ní béèrè ọ̀rọ̀ kankan.