Kí Ló Gbé Wa Wọ Kíláàsì Másítà Kọ̀ǹpútà ní Àbújá?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ Yorùbá tó ń gbé Àbújá rèé. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ti Kúbwà, Lúgbè, Nyanya àti Máráràbá wá, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ìkàlẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n gbé fún mi kò gùn. Kí ni ẹni tó ti gba dìgírì, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ti lọ́kọ tàbí láya, tó ń sanwó ilé ìwé ọmọ, tún ń wá ní kíláàsì másítà kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé? Oríṣiríṣi ìdáhùn ni mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mi ò sì tíì gbọ́ èyí tó yẹ kó ti ẹni tó sọ ọ́ lójú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo rí lára àwọn tó ń parí, tí n kì í sábà rí lára àwọn tó ń há sídìí prójẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń parí ní ìṣòro kan pàtó tí wọ́n mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́ tàbí láti ilé, tí wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá wọn yanjú. Orí èyí ni mo fẹ́ dúró lé.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí ni wọ́n ń wádìí: kí ni ẹ̀rọ lè ṣírò, kí ni kò lè ṣírò láéláé, báwo ni ìṣirò ṣe lè yá sí i. Iṣẹ́ ńlá ni. Èyí tí à ń sọ lónìí ni ti àwọn tó ń mú ohun tí àwọn yẹn ti rí wá sí ilé ìwòsàn, báńkì, oko, kóòtù àti ọ́fíìsì ìjọba. Ní Òkè Ọya níbí, a kò rí ilé ẹ̀kọ́ tì. Ahmadu Bello University ti wà ní Zaria láti 1962. Orúkọ Iya Abubakar, onímọ̀ ìṣirò tó ti ṣe ọ̀gá àgbà ibẹ̀ rí, ni wọ́n fi sọ ilé kọ̀ǹpútà wọn. Federal University of Technology ti Minna bẹ̀rẹ̀ ní 1983, University of Abuja ní 1988. African University of Science and Technology tó wà ní Galadimawa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, tìtorí àwọn tó ti gba dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. National Open University náà nìyẹn ní Jabi, tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ èèyàn gba másítà àti PhD nínú ààbò orí kọ̀ǹpútà àti nínú AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá.

Iṣẹ́ ọba ló gbé èyí tó pọ̀ jù wá. Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí padà. BVN dé ní 2014. Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ òun kó owó wọn sínú àpò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní TSA. Ọdún yẹn náà ni JAMB, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bwari níbí, gbé ìdánwò UTME sórí kọ̀ǹpútà pátápátá. Nígbà tó di 2021, INEC mú BVAS dé, ẹ̀rọ tó ń fi ìka àti ojú dá olùdìbò mọ̀. Èèyàn ló jókòó sídìí gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé tó wọṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń fi okùn di fáìlì ṣàdédé rí i pé orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo iṣẹ́ òun wà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ló sì ń wá bá òun tún un ṣe. Ó wá ní òun náà á lọ kọ́ ọ láti gbòǹgbò. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání ni.

Tí ẹni náà bá sọ pé nítorí ìgbéga ni òun ṣe wá, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo máa ń sọ fún un. Ìwé másítà nìkan kì í gbé òṣìṣẹ́ ìjọba sókè. Ìdánwò ìgbéga wà, àyè sì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ lókè. Ẹni tó fi gbogbo ọkàn sí ìgbéga, tí ìgbéga wá ń falẹ̀, inú sáà kejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń bá a. Ti àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì yàtọ̀: láìsí másítà, ẹsẹ̀ wọn ò lè kan àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, láìsí PhD, wọn ò ní lè gùn ún jìnnà. Ìwé ni iṣẹ́ wọn, mi ò ní bá wọn fa ọ̀rọ̀ gùn.

Àwọn tó gba HND ní ìrora tiwọn. Níbi iṣẹ́ wọ́n ti fojú ara wọn rí ìlà tí wọn ò lè kọjá, ọ̀pọ̀ wọn ló sì gbọ́dọ̀ ṣe PGD, ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́, kí yunifásítì tó gbà wọ́n fún másítà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Ọwọ́ wọn máa ń mọ́ iṣẹ́. Ẹ fún wọn ní ẹ̀rọ tí kò fẹ́ tàn, ẹ máa wò bí wọ́n ṣe máa yí i ká. Ohun tí wọ́n nílò ni ẹni tó máa sọ fún wọn pé ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti jápa láìfi bò. Títí di àìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ wa máa ń tajà, ta ilẹ̀, láti lọ ṣe másítà ní ìlú Ọba tìyàwó tọmọ. Ní oṣù kẹfà 2023, wọ́n tú okùn ọrùn náírà, wọ́n ní kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ka ní pọ́n-ùn sì kúrò ní ohun tí owó oṣù èèyàn lè gbé. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ìlú Ọba kò tún jẹ́ kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítà mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Torí náà, àwọn kan pinnu pé àwọn á ṣe másítà níbí, káwọn fi wá PhD tó ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ a wá máa fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún mi, bí ẹni pé mo máa bínú. Kí ni mo fẹ́ bínú sí?

David Adelani, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ibí yìí ló ti ṣe másítà, ní Galadimawa, kó tó lọ gba PhD ní Saarland ní Jámánì. Ó ti wà ní Yunifásítì McGill ní Kánádà báyìí. Kí ló gbé dání lọ? Èdè wa ni. Ó wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ MasakhaNER tó jáde ní 2021, tí wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá orúkọ èèyàn, ìlú àti ilé iṣẹ́ mọ̀ nínú ìròyìn ní èdè Áfíríkà mẹ́wàá; Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò wà níbẹ̀. Ní Kano lọ́hùn-ún, Shamsuddeen Muhammad ti Bayero University àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe NaijaSenti ní 2022, níbi tí wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn lórí Twitter jọ ní Haúsá, Ìgbò, Yorùbá àti Píjìn, kí ẹ̀rọ lè mọ èyí tó jẹ́ ìyìn àti èyí tó jẹ́ èébú. Ìṣòro ilé ló gbé àwọn èèyàn yìí débi tí wọ́n dé. Ẹni tó fẹ́ lọ lè lọ, kó ṣáà má lọ lọ́wọ́ òfo.

Àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Edward Deci àti Richard Ryan, ti ń wádìí ohun tó ń ru èèyàn sókè láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní ohun kan wà tí èèyàn ń ṣe nítorí pé ó dùn mọ́ ọn, òmíràn wà tí ó ń ṣe nítorí èrè tàbí nítorí pé wọ́n tì í. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wúlò fún wa ni pé wọn ò ní ìkejì kò dára. Wọ́n ní ohun tí wọ́n tì wá sí lè di tiwa, bí nǹkan mẹ́ta bá wà: kí a láṣẹ lórí ohun tí à ń ṣe, kí a rí i pé ọwọ́ wa ń mọ́ ọn, kí a sì ní àwọn tí a jọ ń ṣe é. Mo ti rí èyí lójú ara mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí alábòójútó prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ní àkòrí kò láṣẹ lórí rẹ̀. Èyí tó mú ìṣòro tirẹ̀ wá ló láṣẹ. Ní ti ìkẹta, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ẹ̀yin tí ẹ jọ ń wọ mọ́tò kan náà padà sí Kúbwà, ẹ máa bá ara yín ka iṣẹ́ yín lójú ọ̀nà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àbújá á kúkú fún yín láyè.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń pè ní ìṣòro hàn yín tímọ́tímọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akọ̀wé kan ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ó wà lórí NIN, ó wà lórí BVN, ó wà lórí ìwé owó ìfẹ̀yìntì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sì bára mu. Ibì kan Oluwaseun, ibòmíràn Seun. Ibì kan Muhammad, ibòmíràn Mohammed. Bàbá tó fẹ̀yìn tì yóò wá máa sáré ìwé ìbúra ní kóòtù láti fi hàn pé òun ni òun. Akọ̀wé yìí mọ ìṣòro náà ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

Ní kíláàsì, yóò kọ́ Soundex, ìlànà kan tó ń fi bí orúkọ ṣe ń dún wá àwọn tó jọra, tí Robert Russell gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1918. Ó ń fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó ń yọ fáwẹ̀lì dànù, ó sì ń fi nọ́ńbà rọ́pò kọ́ńsónáǹtì. Orúkọ tí àmì wọn bá dọ́gba ló kà sí ọ̀kan náà. Muhammad di M530, Mohammed náà di M530. Ibẹ̀ yẹn dáa. Usman di U255, Osman di O255. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ti bà á jẹ́. Oluwaseun di O425, Seun di S500, wọn ò tilẹ̀ jọra rárá. Yóò tún kọ́ ìlànà Levenshtein, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, ti 1965, tó ń ka iye lẹ́tà tí a ó fi kún, tí a ó yọ, tàbí tí a ó pààrọ̀ kí orúkọ kan tó di èkejì. Muhammad sí Mohammed, 2. Seun sí Oluwaseun, 5. Bola sí Sola, 1 péré!

Lójú ẹ̀rọ, Bọ́lá àti Ṣọlá súnmọ́ ara wọn ju Ṣeun àti Olúwaṣeun lọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé Olúwa, Adé, Ọlá àti Ayọ̀ ló máa ń ṣíwájú orúkọ, pé wọ́n sì máa ń jábọ́ tí a bá ń pe ara wa nílé. Ará Kano tó jókòó tì í ní kíláàsì mọ̀ pé Mamman àti Muhammadu, orúkọ kan náà ni. Kí àwọn méjèèjì kọ ohun tí wọ́n mọ̀ yìí sínú ìlànà tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé, kí wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ Soundex àti Levenshtein, kí wọ́n sọ ibi tó ti dáa jù àti ibi tó ti kùnà. Prójẹ́ẹ̀tì másítà nìyẹn. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá, iná tó bá sì lọ, ó lè dúró di ọ̀la.

Irú ìṣòro báyìí tún ń ran èèyàn lọ́wọ́ níbi ìrànwọ́ owó. NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, àti PTDF, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ epo rọ̀bì, máa ń gba ìwé ìbéèrè àwọn tó fẹ́ ṣe másítà àti PhD, TETFund sì wà fún olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Ẹni tó ń ka ìwé ìbéèrè rẹpẹtẹ fẹ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìmọ̀ náà ṣe. “Mo nífẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà láti kékeré” kò sọ nǹkan kan fún un. “Orúkọ àwọn tó fẹ̀yìn tì kò bára mu, mo sì fẹ́ tún un ṣe” sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan, obìnrin, béèrè nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán pé ṣé òun lè da àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì òun sórí fláàṣì kí òun fi ṣe ìwádìí. Rárá o, mà. Òfin ààbò ìsọfúnni aráàlú ti wà láti 2023, orúkọ, ọjọ́ ìbí àti NIN oníǹkan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ìwé tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kí ilé ẹ̀kọ́ náà fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì yọ ohunkóhun tó lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni kó tó dé ọwọ́ yín. Ìyẹn lè pẹ́. Kó tó dé, ẹ fọwọ́ ara yín ṣe àkójọ tí ẹ máa kọ́kọ́ lò: ẹ kọ àwọn orúkọ tó wọ́pọ̀ láàárín wa sílẹ̀, láìfi ti ẹnì kan pàtó ṣe, kí ẹ wá kọ oríṣi ọ̀nà tí akọ̀wé lè gbà ṣì wọ́n kọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi Soundex àti Levenshtein dán an wò. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti kùnà ni kí ẹ mú lọ bá alábòójútó yín.